Awọ Ewúrẹ́ ní Ọwọ́ Ẹkùn

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tí kò bá rí àga, kó jókòó sórí ẹní. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti pẹ́ nínú mi, ó ti rà, òórùn rẹ̀ ni dókítà ń pè ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró. Òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí, torí mi ò mọ̀ bóyá ẹnu mi á ṣì là lọ́la. Mi ò sì ní fi oyin pa á. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀rọ̀ dídùn, kó dúró de pásítọ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú mi. Èmi á sọ ohun tí mo ṣe bí mo ṣe ṣe é. Mo rí Bàbá Yamba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Bó ṣe wọlé ló ti bi ọmọ mi Ngosa pé ṣé ó ti gbé omi kaná, pé ewúrẹ́ tó gbó báyìí kì í tètè jinná. Gbogbo yín rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi. Kò sẹ́ni tó bínú, torí nungwe mi ni. Ìdílé Ẹkùn ni ìyá tirẹ̀ ti wá, ìdílé Ewúrẹ́ ni tèmi, láti ayé àwọn ìyá ìyá wa la ti ń bú ara wa láìjà, àwa kan náà la sì ń sin òkú ara wa. Ọjọ́ tí mo bá kú, òun ni yóò wọ inú kòtò, tí yóò gbá orí mi mú, tí yóò tẹ́ mi sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi pè yín. Gbogbo yín mọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀: àtàǹpàkò ló kù, àti ìka kan tó tẹ̀ bí ìkọ́. Mi ò lè jẹ́ kó fi ọwọ́ yẹn gbé mi láìmọ ẹni tó jẹ ìyókù rẹ̀. Èmi ni mo jẹ ẹ́. Ẹ wò ó, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ó rò pé eré ni mò ń ṣe. Ẹ jẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ mọ̀ pé ìbọ̀wọ́ ni mo rán tí mo fi tọ́ ọmọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Nígbà tí bàbá Ngosa lọ sí Solwezi tí kò padà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìbọ̀wọ́ tó ti gbó lórí ààtàn àwọn awakùsà, mò ń tú u ní ojú rírán kọ̀ọ̀kan, mò ń wo bí wọ́n ṣe gé e. Ìbọ̀wọ́ tó ya ló kọ́ mi níṣẹ́, torí ibi tó ti ya ló ń sọ iṣẹ́ tí kò yẹ fún. Bí ènìyàn bá dúró níwájú àtíbàbà mi, mi ò ní wo bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe tóbi tó. Màá bi í pé, “Kí lo fẹ́ fi dì mú?” Ẹni tó bá ń ru bíríkì àti irin gbọọrọ, awọ màlúù ni, láti ẹ̀yìn màlúù, kì í ṣe láti ikùn, awọ ikùn máa ń fà bí ìlérí olóṣèlú. Ẹni tó bá ń fa wáyà ẹlẹ́gùn-ún lóko, màá lé awọ kejì mọ́ àtẹ́lẹwọ́ àti àárín àtàǹpàkò pẹ̀lú ìka tó tẹ̀ lé e, torí ibẹ̀ ni wáyà ti ń jẹun. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú omi àti ẹrẹ̀, awọ ẹlẹ́dẹ̀, torí bó bá tutù tó sì gbẹ, kì í gan bíi ti màlúù. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, tàbí tó ń mú nǹkan wẹ́wẹ́ bíi bóòtù àti nọ́ọ̀tì, awọ ewúrẹ́ ni tirẹ̀: ó rọ̀, kì í tètè ya, ó sì ń jẹ́ kí ìka mọ ohun tó dì mú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sún mọ́ iná, ìyẹn àwọn ajórin àti àwọn tó ń da idẹ yíyọ́, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Awọ màlúù tó nípọn ni, abala inú tó rí ṣákiṣàki, kí aṣọ wà nínú rẹ̀, kí ọrùn rẹ̀ gùn dé ìgúnpá. Òwú tí iná kì í yọ́ ni kí a fi rán an. Òwú ọ̀rá lè gbé òkúta, ṣùgbọ́n bó bá ti gbóòórùn iná, ó ti di omi. Màá tún fi ọ̀já awọ tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú rírán mọ́lẹ̀ kí iná má rí i. Ìbọ̀wọ́ iná sì gbọ́dọ̀ fẹ̀ díẹ̀, kí ènìyàn lè gbọn ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan kó jábọ́. Èyí tó bá mọ́ ọwọ́ típẹ́típẹ́, ìyàwó nìyẹn, kì í ṣe ìbọ̀wọ́ iná. Ẹ fi gbogbo èyí sọ́kàn. Mo mọ̀ ọ́n tán kí n tó ṣe ohun tí mo ṣe. Ẹ má wá àìmọ̀ kankan fún mi.

Bàbá Yamba tí mò ń sọ yìí, Ẹkùn ni mò ń pè é. Ibi tí wọ́n ti ń yọ́ idẹ, tí wọ́n ń dà á fún àwọn awakùsà, ló ti ń ṣiṣẹ́, ní òdìkejì títì sí àtíbàbà mi níbí ní Luanshya. Òun ló kọ́kọ́ wọ ìbọ̀wọ́ mi níwájú iná nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbà mí gbọ́. Ó ní, “Bí ọwọ́ mi bá jó, iná yẹn kan náà ni màá fi sun ẹ́ jẹ.” Ó wọ̀ ọ́, ó da idẹ, ó jáde wá, ó na ìka rẹ̀ sí mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka ọmọ. Ó ní, “Gbogbo wọn dé.” Òun ló mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá wọn, láti ìgbà náà ló sì ti jẹ́ pé èmi ni mò ń rán ìbọ̀wọ́ gbogbo àwọn adàdẹ níbẹ̀. Láràárọ̀ ni yóò yà lọ́dọ̀ mi. “Ewúrẹ́, o ṣì wà? Mo ti pọ́n ọ̀bẹ o.” Èmi á ní, “Ẹkùn aláìléyín, lọ mu munkoyo, ẹran ti le jù fún ẹ.” Bí a ṣe ń kí ara wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n eré náà ní ilẹ̀kùn, orúkọ sì ni ilẹ̀kùn rẹ̀ láàárín àwa méjì. A kì í pe ara wa lórúkọ, àfi bí ọ̀rọ̀ bá ti kúrò ní eré. Ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ kú, mo ti ń bú u bọ̀ láti òkèèrè, ó dé iwájú mi, ó ní, “Chitalu.” Orúkọ mi nìkan. Mo gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí odò Kafubu gbé Ngosa yìí nígbà tó wà ní kékeré, mo sáré dé ẹnu géètì wọn, mo pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì jáde sáré láìbéèrè ohunkóhun. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló fi fà á jáde. Ẹ ó ṣàkíyèsí pé mi ò tíì pe orúkọ náà láti àárọ̀. Mo mọ ohun tí mò ń fi í pa mọ́ fún.

Èmi àti Nsofwa la jọ ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń gé, èmi ló ń rán, inú àwo kan náà la ti ń jẹ nshima àti kapenta. Ní ọdún kan awọ wọ́n gan-an. Mo mú awọ ikùn, mo fi rán ẹ̀yìn ọwọ́, níbi tí mo rò pé iná kì í sábà dé. Kò pa ẹnikẹ́ni lára, àmọ́ kì í ṣe ohun tí mo bá wọn ṣe àdéhùn. Nsofwa mọ̀. Ẹkùn náà mọ̀, ó bá wa lẹ́nu ẹ̀, ó sì ní, “Ewúrẹ́ ń fi ikùn màlúù tan aráyé.” Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀gá ránṣẹ́ pè mí. Ó ju ìbọ̀wọ́ kan sórí tábìlì, wọ́n ti là á. “Ìyá Ngosa, ẹ jọ̀ọ́, kí lèyí?” Ó ní, “Ẹni tó sún mọ́ yín ló fi ibi tí a ó ti là á hàn wá. Ẹ má bínú, a ò ní rà lọ́wọ́ yín mọ́.” Ẹni tó sún mọ́ mi. Mo padà sí àtíbàbà. Nsofwa gbé orí mi lé itan. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ fi ẹnu mi dá ìjà sílẹ̀.” Mo ní kó sọ ọ́. Ó ní, “Èmi kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ta ló ń wọlé tó ń jáde ní géètì yẹn lójoojúmọ́?” Kò dárúkọ ẹnì kankan. Ọlọ́gbọ́n ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, kì í fi ọ̀bẹ gún ọ. Ìwọ fúnra rẹ ni yóò jẹ́ kó o di èèkù mú.

Mo gbà á gbọ́. Ó dùn mí ju ìgbà tí ọkọ mi lọ, torí ọkọ lè lọ, nungwe kì í lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì Ẹkùn dé bó ṣe máa ń dé. Ó ní, “Mo gbọ́ pé wọ́n ti lé ewúrẹ́ kúrò nínú oko àgbàdo. Ṣé o jẹ yó kí wọ́n tó lé ẹ?” Ẹ̀yin ará ibí, ẹ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó ṣe. Bí nungwe ò bá fi àdánù rẹ ṣẹ̀fẹ̀, ta ni yóò gbé e fúyẹ́ fún ọ? Ṣùgbọ́n etí tèmi ti bàjẹ́. Mo ní ọkùnrin yìí tà mí tán, ó tún wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo dá a lóhùn bí mo ṣe máa ń dá a lóhùn. Mo rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rín ti di aṣọ tí mo fi ń bo ọ̀bẹ. Nígbà tó yá, ó yà, ó ń na ìka rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ tuntun tí wọ́n rà fún wọn gan bí pákó. Ó ní, “Ewúrẹ́, rán ọ̀kan fún mi ní kọ̀rọ̀, irú ti àtijọ́. Ìka mi ń wá ẹ.” Mo wò ó lójú. Mo ní, “Padà wá lọ́jọ́ Jímọ́.”

Mo mú awọ ewúrẹ́ kan tí mo fẹ́ fi rán ti àwọn awakọ̀. Mo yí inú rẹ̀ síta, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á títí ó fi rí ṣákiṣàki bíi ti màlúù, mo pa á láró kó lè rí bí ìbọ̀wọ́ iná. Aṣọ nípọn ni mo fi sínú rẹ̀ kí ọwọ́ má bàa mọ̀ pé awọ náà fẹ́lẹ́. Òwú ọ̀rá ni mo fi rán an. Mi ò fi ọ̀já bo ojú rírán rẹ̀. Mo sì gé e kó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù títí dòní. Nínú gbogbo ìbọ̀wọ́ tí mo rán láyé mi, òun ló lẹ́wà jù. Ẹ ó bi mí pé kí ni mò ń wá. Mo ti bi ara mi náà. Mo rò pé mo fẹ́ kó jó díẹ̀, kó lè mọ bó ṣe ń rí bí ohun tí ènìyàn gbára lé bá tú lójú rírán. Díẹ̀. Bíi pé iná máa ń gba ìwọ̀n lọ́wọ́ obìnrin tó ń rán ìbọ̀wọ́.

Ó dé lọ́jọ́ Jímọ́ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kan, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó ní, “Áà, ó rọ̀ bí ọwọ́ ìyàwó.” Ìyàwó tó ti kú ló ń sọ. Mo la ẹnu, mo ní, “Ẹkùn, awọ ewúrẹ́ ni o. Má fi da idẹ. Yóò jẹ ọwọ́ rẹ.” Gbogbo rẹ̀ ni òtítọ́, kò sí irọ́ kan níbẹ̀. Ó kọjú sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. “Ẹ ò gbọ́? Ewúrẹ́ bọ́ awọ ara rẹ̀ torí kó lè pa ẹkùn.” Ọ̀kan nínú wọn ní, “Tètè sè é, kó tó kàn ẹ́ pa.” Èkejì ní, “Ìyá Ngosa, ẹ bá mi rán tèmi ní awọ ìyá ìyàwó mi.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí èèpo ẹ̀pà fi bọ́ lẹ́nu wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Orúkọ rẹ̀ sì wà lẹ́nu mi nígbà yẹn, ó wà lórí ahọ́n mi bí òkúta. Bí mo bá pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò ti bọ́ ìbọ̀wọ́ náà sílẹ̀ kí n tó mí. Mo gbé orúkọ náà mì. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: kì í ṣe awọ ewúrẹ́, kì í ṣe òwú ọ̀rá ni ẹ̀ṣẹ̀ mi tó burú jù. Mo sọ òtítọ́ fún ọkùnrin kan ní ọ̀nà tí mo mọ̀ pé kò ní gbà á gbọ́, kí n lè rí nǹkan sọ fún ara mi lẹ́yìn náà. Irọ́ ì bá sàn jù ú lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ó ṣẹlẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ inú àpótí kan, èyí tí idẹ ti ń gba ìrísí, kò gbẹ dáadáa, bí wọ́n ṣe ń da idẹ sí i, ó tu ú sókè. Èyí kì í ṣe tuntun. Ó ti tu sí i lára nígbà tó ń wọ ìbọ̀wọ́ mi àtijọ́, ó gbọn ọwọ́, ìbọ̀wọ́ jábọ́, ó bú idẹ, ó tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ yìí ó gbọn ọwọ́, kò jábọ́. Òwú yọ́, ojú rírán là, idẹ wọlé. Awọ náà súnkì, ó di ara rẹ̀ mú. Mo gbọ́ igbe, mo sì mọ ohùn rẹ̀. Mo rò pé ilé ìwòsàn ni wọ́n máa gbé e sáré lọ. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá. Ẹnì kan ń pariwo pé, “Àlùmọ́gàjí. Àlùmọ́gàjí Ìyá Ngosa ló lè gé awọ.” Èmi ni mo gé e kúrò. Ojú mi àti ojú rẹ̀ ṣe mẹ́rin nígbà tí mò ń gé e, ó ń wò mí bí ẹni tí Ọlọ́run rán olùrànlọ́wọ́ sí. Ó ní, “Rọra, Ewúrẹ́. Rọra.”

Nígbà tí ọ̀gá bi í pé ìbọ̀wọ́ wo ló wọ̀, ó ní òun ò wọ nǹkan kan, òun gbàgbé. Kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo rán an, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì bá a pa á mọ́. Ẹni tó bá sì gbàgbé ìbọ̀wọ́ níwájú idẹ yíyọ́, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa ṣe fún un. Wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ó wá bá mi tòun ti báńdéèjì. Mo dúró de èébú, mo dúró de ọ̀bẹ. Ó jókòó sórí àpótí mi, ó ní, “O sọ fún mi o, Ewúrẹ́. Awọ ewúrẹ́ ni, o ní. Ó ní láti jẹ́ pé o ṣì í mú nínú àwọn awọ rẹ, o sì rántí, o wí fún mi. Èmi ni etí mi di.” Ó dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ẹ̀yin ènìyàn, ó ń bẹ̀ mí. Kí ni èmi sì sọ? Mo ní, “Ẹkùn tí kì í gbọ́ràn, pàkúté ni yóò bá a sọ̀rọ̀.” Ó rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà yẹn ló ti ń fi eyín di igi ìdáná rẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti ń tọ́mọ, bí wọ́n bá sì bi í ohun tó ṣe ọwọ́ rẹ̀, á ní, “Àìgbọràn ni.” Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Mi ò tún un ṣe rí.

Òjò ọdún náà ò tíì bẹ̀rẹ̀ tí Nsofwa fi kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wọ inú ọgbà àwọn adàdẹ. Òun ló wá ń rán ìbọ̀wọ́ wọn. Mo lọ bá a níbẹ̀. Mo ní, “Nsofwa, ìwọ lo tà mí.” Kò sẹ́. Ó ń gé awọ lọ. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ibi tó bá rọ̀ ni kí n ti gé.” Mo ní kí Ọlọ́run dájọ́ láàárín wa. Ó wá gbé ojú sókè. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kó dá a. Awọ ewúrẹ́ kan sọnù lórí tábìlì mi ní ọ̀sẹ̀ tí Bàbá Yamba jóná. Ẹ bá mi bi Ọlọ́run ibi tó wà.” Mo padà sílé. Ẹni tó dà mí ni mo gbé orí lé itan rẹ̀, ẹni tí kò dà mí ni mo sun. Mo ránṣẹ́ pe Nsofwa sí ìjókòó yìí. Ó ní orókún ń dun òun. Kò burú. Ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ kì í ṣe tèmi láti jẹ́wọ́. Òun tàn mí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò ki abẹ́rẹ́ bọ̀ mí lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń lọ síbi iná, ẹ má gba ìbọ̀wọ́ torí pé ó rọ̀. Ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ fa òwú kan yọ, ẹ fi iná sí i, ẹ wò ó bóyá ó máa yọ́. Bí ẹ bá sì ń bá ẹni tó rán an ṣeré, ẹ bi í lẹ́ẹ̀kan láìṣeré bóyá ó ní nǹkan kan sí yín nínú. Ngosa, dákẹ́ ẹkún. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yẹn ló fà ẹ́ jáde nínú odò. Kò sí alẹ́ kan tí mi ò rántí rẹ̀.

Ìwọ Ẹkùn. Mo rí i pé ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ẹ́, o lè máa dúró de ibi tí eré náà máa parí sí. Mi ò ní kó o má bínú. Bó o bá kọ̀ láti sin mí, kí Ngosa wá ẹkùn mìíràn, o ò jẹ̀bi. Bó o bá sì gbà, mo bẹ̀ ẹ́, má wọ ìbọ̀wọ́ tí wọ́n máa ń fún àwọn agbẹ́kòtò. Ọwọ́ òfìfo ni kó o fi gbé mi, ọwọ́ yẹn gan-an, kó o sì bú mi lójú gbogbo wọn. Ní ọjọ́ yẹn, èébú tó jẹ́ òótọ́ ni kó o bú. Dárí jì mí bó o bá lè ṣe é. Orúkọ rẹ ló kù tí mo gbé mì lọ́jọ́ Jímọ́ yẹn tó ń há mi lọ́fun láti ìgbà náà. Jẹ́ kí n pọ̀ ọ́ jáde kí n tó lọ.

Lukonde.